Wọ́n Kọ́lé fún Ẹgbẹ́ Kí Ẹgbẹ́ Tó Bímọ

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń tún sọ lórí rédíò: pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa kò ní èrò tí wọ́n dì mú, pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti olówó yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. N kò ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ibi tí àrùn wà kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ bà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi tọ́ ọmọ ní Abẹ́òkúta, láti ìgbà tí a ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé. Mo tẹ póstà àti káàdì fún ẹgbẹ́ tó ní ti tálákà lòun, mo tẹ̀ ẹ́ fún èyí tó ní ti oníṣòwò lòun. Ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbé wá bá mi rí ni ìwé rìsíìtì tí wọ́n á fi máa gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn onímọ́tò tẹ tiwọn débi pé wọ́n fẹ́ fi í yọ wá lẹ́nu. Òṣèlú nìkan ni kò nílò rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti apá ọ̀tún ni mo fẹ́ wò, torí pé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá a kì í sọ ìtàn wọn. Ti Awólọ́wọ̀ la máa ń sọ: Ọ̀pẹ (Action Group), Ìmọ́lẹ̀ (UPN), ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, Ọlọ́pẹ ni títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàdánù léraléra ní ohun tó lè kọ́ èèyàn.

Ẹni tó bá ń wo Ẹ̀gbá láti òkèèrè á rò pé níbí gan-an ni ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ogún bàbá, tó sì fẹ́ kí ìjọba jáwọ́ lára oníṣòwò, yóò ti rí èèyàn kó jọ. A ní Aláké, a ní Ọ̀ṣilẹ̀, a ní Àgùrá, a ní Olówu. Pàràkòyí ti ń ṣètò ọjà wa tipẹ́tipẹ́. A ní ìjọba tiwa, Egba United Government, láti 1898 títí di 1914 tí Lugard fi gbẹ́sẹ̀ lé e. Nígbà Ogun Adúbí ní 1918, àwọn baba wa hú irin rélùwéè nílẹ̀ nítorí owó orí; ní 1947 àwọn ìyá wa ya bo ààfin Aké nítorí owó orí kan náà. Ní ilẹ̀ òyìnbó, apá ọ̀tún ni í máa ń pariwo pé owó orí pọ̀ jù. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó ń bá àwọn sósíálíìsì rìn ló gbé ariwo náà dé ẹnu ọ̀nà ọba. Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rí ọmọ yunifásítì tó fẹ́ fi ìwé òyìnbó pín wa sọ́tùn-ún sósì.

Dẹ́mọ̀ ló kọ́kọ́ ba ọ̀nà jẹ́. Ní 1964 ni Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kó àwọn èèyàn rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn kan láti inú NCNC, tí wọ́n di NNDP, tí aráàlú ń pè ní Dẹ́mọ̀. Olóyè Ayọ̀ Rósíjì, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti ṣe akọ̀wé àgbà Action Group, wà lára àwọn tó bá Akíntọ́lá lọ. Èrò wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀: kí Yorùbá má dúró síta nígbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan ní Èkó, ká bá Àríwá dọ́gbọ́n jẹun. Àmọ́ wọ́n fi ìdìbò oṣù Kẹwàá 1965 pa èrò náà fúnra wọn. Ẹni tí aráàlú kò dìbò fún ni wọ́n kéde, ni iná bá sọ. Láti ìgbà náà, tí o bá pe èèyàn ní Dẹ́mọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìjà lo ń wá.

Nígbà tí Ọbásanjọ́, ọmọ wa, ṣí òṣèlú sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1978, apá ọ̀tún tún dé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. NPN nìyẹn, ilé àti àgbàdo. Ibùgbé àti oúnjẹ ni wọ́n ní àwọn yóò fún aráàlú. Ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìwòsàn ọ̀fẹ́ ni tàwọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìbò ààrẹ ọdún 1979, Awólọ́wọ̀ kó ohun tó lé ní 90 nínú 100 níbí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún NPN ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó sì sọ ọ́ ní gbangba bí yóò ṣe pín ipò: ààrẹ fún Àríwá, igbákejì fún Ìgbò, olórí ilé aṣòfin àgbà fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké, alága ẹgbẹ́ fún Yorùbá. Adísà Akinlóyè, ọmọ Ìbàdàn, ló di alága náà. Títí dòní, kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan ní Nàìjíríà tí kì í lo ètò yìí, bí wọ́n tilẹ̀ ń sẹ́. N kì í fi pínpín ipò ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ní orílẹ̀-èdè tó jagun abẹ́lé, ó sàn kí àwọn èèyàn mọ ìgbà tí ó kàn wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé àdéhùn àwọn tó jókòó sórí àga ni. Ẹni tó wà lórí ẹní kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

M.K.O. Abíọ́lá ló wá jẹ́ kí a rí i kedere. Owó rẹ̀ ti kúrò ní kékeré nígbà tí ọmọ Gbágùrà yìí wọ NPN. Ó di alága wọn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀ ní 1980, èyí tí kò fi Awólọ́wọ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tó wá wo ipò ààrẹ fún ọdún 1983, ẹgbẹ́ ní àsìkò Àríwá kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu Umaru Dikko, ọ̀kan nínú àwọn àgbà NPN, nígbà náà ni pé ipò ààrẹ kì í ṣe ọjà tí ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù yóò wá rà. Oṣù Keje 1982 ni Abíọ́lá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ní Dikko ló jẹ̀bi, àwọn kan ní Abíọ́lá ló kánjú. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti dá ẹjọ́ náà ló burú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló dá a láàárín ara wọn, Abíọ́lá alára kò sì gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, torí kò sí ohun kan ní wọ́ọ̀dù tó lè fara tì. Ẹni tó gba káàdì NPN ní Gbágùrà tàbí ní Ìjẹ̀mọ̀, káàdì lásán ló gbà. Nígbà tí alága lọ, owó bá a lọ, àwọn tó ń jẹun nídìí owó náà sì tẹ̀lé e. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ni àwọn ológun dé láti pa NPN. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí ohun tó pọ̀ mọ́ fún wọn láti pa.

Ẹnìkan yóò ní, “Bàbá, ẹ dákẹ́. Ológun ló pa gbogbo ẹgbẹ́, ì báà ṣe ọ̀tún, ì báà ṣe òsì.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n pa Action Group ní 1966, ó jí gẹ́gẹ́ bí UPN. Wọ́n pa UPN ní 1983, ó jí gẹ́gẹ́ bí AD ní 1998, àwọn ojú kan náà, fìlà kan náà. Action Group ní àwọn akọ̀wé ẹkùn tó ń gba owó oṣù, tó ń ti abúlé dé abúlé. Gbòǹgbò ìgbà yẹn ló ń hù títí. Tó bá wá di pé gbòǹgbò náà gbẹ lẹ́yìn 2003, ẹ bi àwọn tó jogún rẹ̀, kí ẹ má bi ológun. Apá ọ̀tún kò ní irú rẹ̀ níbí. N kò tíì pàdé ẹnìkan ní Abẹ́òkúta tó fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ NPN lòun di òní olónìí.

Babangida, ológun tó ń ṣèjọba nígbà náà, ló wá ṣe èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ 13 ló wá forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá 1989, ó da gbogbo wọn nù, ó sì dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀: SDP tí yóò tẹ̀ sósì díẹ̀, NRC tí yóò tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀. Ẹṣin fún ọ̀kan, ẹyẹ idì fún èkejì. Ìjọba kọ ìwé òfin wọn, ó kọ ìlànà wọn, ó yan akọ̀wé tí yóò kọ́kọ́ máa darí wọn, ó sì kọ́ ọ́fíìsì fún àwọn méjèèjì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ní Àbújá. Ilé ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀.

Mo bi ọkùnrin kan tó ń ṣe NRC nígbà náà, ó ń ta irin ìkọ́lé ní Láfẹ́ńwá, pé kí ló rí nínú ẹgbẹ́ apá ọ̀tún. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, SDP ti kún.”

Ohun kan dára nínú ètò yẹn, n kò sì ní fi í pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ ní 1993 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó tó lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kó tó lọ sí ìpínlẹ̀, àwọn èèyàn á sì tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ ní ọ̀sán gangan. Abíọ́lá, tí NPN ti ní kó dúró, gun àtẹ̀gùn yìí lábẹ́ SDP láti Abẹ́òkúta títí dé ìpàdé Jos ní oṣù Kẹta. Tofa gun ti NRC. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, Abíọ́lá kó ìbò 8,341,309, Tofa kó 5,952,087. Abíọ́lá borí ní Kano tó jẹ́ ilé Tofa. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, idì kò rí 15 kó nínú 100.

Lọ́jọ́ 23 ni Babangida fagi lé ìdìbò náà. Ìgbà náà ni a wá mọ ẹni tó ni ilé. Púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ méjèèjì, èyí tó wọlé àti èyí tó pàdánù, jókòó pẹ̀lú ìjọba, wọ́n sì fara mọ́ ìjọba fìdí-hẹ tí Ernest Shónẹ́kàn, ọmọ Ẹ̀gbá bíi ti Abíọ́lá, darí. Oṣù mẹ́ta kò pé tí Abacha fi lé òun náà, tó sì tú SDP àti NRC ká ní oṣù Kọkànlá. Ẹni tó kọ́lé ló kó ẹrù ayálégbé síta. Nítorí Abíọ́lá, àwọn èèyàn jáde sí ìgboro, àwọn kan kú. Nítorí SDP, n kò rí ẹni tó jáde. Nítorí NRC, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Nọ́wè, kí ẹ rí ẹgbẹ́ apá ọ̀tún tó dúró. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Høyre, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ kí owó orí kéré, kí oníṣòwò rí ayé mí, kí ọba wọn sì pẹ́ lórí oyè. Oṣù Kẹjọ 1884 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìjà tó bí i yóò yé ará Aké dáadáa: ta ni kí àwọn mínísítà máa jíyìn fún, ọba ni tàbí ilé aṣòfin? Àwọn tó wà lẹ́yìn ọba ló di Høyre, wọ́n sì ti pàdánù ìjà náà kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan. Ìṣubú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Emil Stang, amòfin, ni olórí wọn àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di 1889 ó ti di olórí ìjọba lábẹ́ ètò tuntun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti bá jà.

Èyí tó wú mi lórí jù kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń ṣèjọba, bí kò ṣe ìgbà tí wọn kò ṣe é. Láti 1935 títí di 1965, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló wà lórí oyè, àfi àwọn ọdún tí ogun Jámánì da gbogbo nǹkan rú, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ní 1963 tí John Lyng ti Høyre fi ṣe olórí ìjọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín ọgbọ̀n ọdún! Tó bá jẹ́ níbí ni, ọdún kejì kò ní pé tí alága, akọ̀wé àti akápò yóò fi kó lọ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọn yóò sì ní àwọn aráàlú ló ní kí àwọn lọ. Høyre dúró. Ní 1981 Kåre Willoch gba ìjọba fún wọn. Ní 2013 Erna Solberg gbà á, ó sì lo ọdún mẹ́jọ. Ìgbìmọ̀ ìlú Bergen ni obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó wọ ilé aṣòfin ní 1989, ó di olórí ẹgbẹ́ ní 2004. Ọdún 24 ni láti ilé aṣòfin dé orí oyè, nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó mú wọn dúró kò farasin. Ẹ̀ka wà ní ìlú, ẹ̀ka wà ní ẹkùn, àwọn ẹ̀ka ló sì ń rán aṣojú lọ sí ìpàdé àpapọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dìbò yan àwọn aṣáájú. Ọmọ ẹgbẹ́ ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀dọ́ wọn, Unge Høyre, ní aṣáájú tiwọn, wọ́n sì máa ń takò àwọn àgbà ní gbangba láìsí pé ẹnikẹ́ni rán jàǹdùkú sí wọn. Bí ìdìbò bá ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń lọ jiyàn ní ilé-ìwé girama, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì dìbò tiwọn. Ní Swídìn, ẹgbẹ́ tó jọ ọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó ń jẹ́ lónìí, 1969 ló mú un. Orúkọ yí, ẹ̀ka kò yí.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín: ìjọba Nọ́wè náà ń fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó, láti 1970, owó yẹn sì pọ̀ ju èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lọ. Ẹnìkan á ní, kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Babangida? Ìbò tí aráàlú ti dì ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà níbẹ̀. Ti Babangida dé kí ẹnikẹ́ni tó dìbò, kí ẹnikẹ́ni tó tilẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó ti pé ọdún 86 ni Nọ́wè kọ́kọ́ fún lówó. Àwa fún oyún tí a kò tíì ní lówó.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa lónìí ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2015, Olóyè Ọbásanjọ́ gbé káàdì PDP rẹ̀ kalẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, olórí ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ sì fà á ya níwájú àwọn oníròyìn. Gbogbo ayé ń wo ọwọ́ tó ń ya á. Èmi ń wo páálí. Mo mọ iye tí irú rẹ̀ ń náni láti tẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, gómìnà tó wà lórí oyè lórúkọ APC ní Òkè-Mọ́sàn ń polongo fún olùdíje ẹgbẹ́ APM, kò sì kúrò nínú APC. Èmi fúnra mi, ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ jẹ mí lówó póstà títí dòní. Nígbà tí mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kì í ṣe ẹgbẹ́ ló ránṣẹ́ sí mi, olóyè kan ni. Olóyè náà sì ti wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn nígbà yẹn. Ta ni kí n pè lẹ́jọ́?

Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ìdìbò ní 2022, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi ránṣẹ́ sí INEC ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó yan olùdíje. Ìgbésẹ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n orúkọ nínú kọ̀ǹpútà kò ju orúkọ lórí páálí lọ tí ẹni tó ni ín kò bá dá kọ́bọ̀.

Àwọn òṣèlú máa ń sọ fún mi pé ebi ń pa aráàlú, pé bí a bá ní kí wọ́n dá owó, wọn yóò sá. Ó yà mí lẹ́nu pé ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àáró ni Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ: kálukú ń gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹnìkejì, títí ẹgbẹ́ àáró fi di ẹgbẹ́ ogun tó lé àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ, iye tí àwọn òpìtàn ń kọ fún àwọn tó san owó ẹgbẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 20,000. Aláṣọ, aláta, alágbo ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n fi owó wọn sanwó lọ́yà, tí wọ́n sì mú kí ọba kúrò lórí oyè ní 1949. Ẹ̀gbá mọ owó dá. Ẹni tó bá gba owó yẹn ni yóò padà wá ṣe ìṣirò, ibẹ̀ gan-an ni ara kò ti gba àwọn òṣèlú.

Ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ. PDP ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 40. Wọ́ọ̀dù 8,809 ló wà ní Nàìjíríà. Mo fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn pépà: tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bá dá 11,352 náírà, mílíọ̀nù 100 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó ku 232 náírà. Ohun tí ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí kan ń ná sórí omi inú ọ̀rá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ òkú ju ìyẹn lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo mú mílíọ̀nù 100 wá. Kí ẹ tó lọ gba káàdì lọ́dún yìí, ẹ bi alága wọ́ọ̀dù yín pé ta ni ẹni náà ń bọ̀ wá gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀.